Bí Adójútòfò bá Yọ Ọwọ́: Ojúṣe Láti Gbèjà Oní-mọ́tò ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Kò sí oní-mọ́tò kan láàárín wa tí kò mọ ìwé tí a ń pè ní inṣọ́ránsì. Òfin ọdún 1945 ni ó sọ ọ́ di dandan ní ilẹ̀ Nàìjíríà pé kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá lo mọ́tò lójú títì ní ìwé tí yóò dáhùn fún ìpalára tí mọ́tò náà bá ṣe fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà wá, púpọ̀ nínú wa ni ó ń rà á nítorí ọlọ́pàá nìkan. A kì í kà á. A ó ká a, a ó fi í sínú ọkọ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé yìí ju ìwé ẹ̀rí lásán lọ. Àdéhùn ni ó jẹ́ láàárín ẹni méjì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ni a ó gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Nínú àlàyé yìí, ìdójútòfò ni n óò máa pe inṣọ́ránsì. Adójútòfò ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń tà á. Oníbàárà sì ni ẹni tí ó rà á. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé níbẹ̀ ni ìbéèrè kan ti gbilẹ̀ tí ó yẹ kí a fi etí sí: bí adójútòfò bá wí fún oníbàárà rẹ̀ pé, ‘Ọ̀ràn tìrẹ kò sí nínú àdéhùn wa,’ ǹjẹ́ ó ti bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe láti gbèjà rẹ̀ ní kóòtù? Ìbéèrè yìí kan àwọn ẹbí wa tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ ní Houston, ní Chicago àti ní New York. Ó sì kan àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè pẹ̀lú, nítorí pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ‘sanwó’ àti ‘gbèjà’, ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Ìpínlẹ̀ Massachusetts ni ó kọ́kọ́ fi òfin dè é ní Amẹ́ríkà pé kí gbogbo oní-mọ́tò ní ìdójútòfò; ọdún 1927 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Lónìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn náà jọra níbi púpọ̀. Ìlérí méjì ni adójútòfò máa ń ṣe nínú rẹ̀ nípa ìpalára tí oníbàárà bá ṣe fún ẹlòmíràn. Èkíní ni pé bí kóòtù bá dá a lẹ́bi, adójútòfò yóò san owó gbà-má-bìínú fún ẹni tí ó fara pa, títí dé iye kan tí a kọ sínú ìwé náà. Èkejì ni pé bí ẹnikẹ́ni bá pe oníbàárà lẹ́jọ́, adójútòfò ni yóò gba agbẹjọ́rò fún un, tí yóò sì san owó ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ìlérí kejì yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní Amẹ́ríkà, àṣà wọn ni pé olúkúlùkù ni í san owó agbẹjọ́rò tirẹ̀, ìbáà jàre, ìbáà jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹni tí kò ṣẹ̀ rárá lè jàre ní kóòtù kí ó sì ti inú àre rẹ̀ wọ gbèsè. Ẹni tí ó ra ìdójútòfò ra owó sílẹ̀ de ọjọ́ ìdálẹ́bi, ó sì ra alágbàwí sílẹ̀ de ọjọ́ ẹ̀sùn.

Àwọn adájọ́ ibẹ̀ fi ohùn kan sọ pé ojúṣe láti gbèjà gbòòrò ju ojúṣe láti sanwó lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìparí ẹjọ́ ni a ń wò kí a tó mọ̀ bí adójútòfò yóò sanwó: kí ni kóòtù rí, ta ni ó jẹ̀bi, kí ni ó sì fa ìpalára náà? Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ni a ń wò kí a tó mọ̀ bí yóò gbèjà: kí ni olùpẹjọ́ wí? Bí ohun tí olùpẹjọ́ wí bá lè bọ́ sí abẹ́ ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ pátápátá ni ó ń pa, adójútòfò gbọ́dọ̀ dìde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a mọ̀ nílé ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ agbo-ilé kan, tí wọ́n sì pè é lọ sí iwájú baálẹ̀, baálé rẹ̀ kì í ní kí ọmọ náà máa dá lọ títí òun yóò fi mọ̀ bí ó jalè tàbí kò jalè. Yóò gbé agbádá rẹ̀ wọ̀, yóò bá a lọ, yóò sì rí i pé wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ náà kí wọ́n tó dájọ́. Bí ó bá hàn ní ìkẹyìn pé ọmọ náà jalè lóòótọ́, baálé lè kọ̀ láti bá a san ohun tí ó jí. Kíkọ̀ láti sanwó ní ìkẹyìn yàtọ̀ sí kíkọ̀ láti bá a lọ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó wá ń mú kí adójútòfò yọ ọwọ́? Ìdí rẹ̀ pọ̀. Ó lè jẹ́ pé oníbàárà kò san owó ìdójútòfò rẹ̀ mọ́, tí àdéhùn sì ti parí kí ọkọ̀ tó forí sọ ara wọn. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó ń wà kì í ṣe tirẹ̀, tàbí pé ó ń fi ọkọ̀ ilé kó èrò fún owó. Ó lè jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó sọ fún wọn pé jàǹbá ṣẹlẹ̀, tàbí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ gbá ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Òmíràn nínú ìdí wọ̀nyí tọ́, òmíràn kò tọ́. Bí adójútòfò bá ti gbà pé òun ní ìdí, yóò kọ lẹ́tà sí oníbàárà pé òun kò ní í gbèjà rẹ̀, òun kò sì ní í sanwó. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé lẹ́yìn èyí, ọkùnrin tàbí obìnrin náà yóò rí i pé òun nìkan ni ó dúró níwájú adájọ́. Ilé tí ó fi ogún ọdún san owó rẹ̀ lè lọ. Wọ́n sì lè máa gé lára owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná. Lẹ́tà adójútòfò kì í ṣe ìdájọ́. Èrò ẹnìkan ni, ẹni náà sì ni yóò jẹ èrè rẹ̀ bí èrò náà bá dúró. Àwọn baba wa wí pé a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mélòó-mélòó ni ẹjọ́ tí ẹnìkan náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ dá fún ara rẹ̀! Ohun tí kóòtù Amẹ́ríkà sọ ni pé adójútòfò lè yọ ọwọ́ bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ni ó gbé e lé. Bí ó bá hàn lẹ́yìn náà pé kò tọ́ kí ó yọ ọwọ́, ohun tí ó ti ìyọwọ́ náà jáde yóò padà wá bá a.

Ẹjọ́ kan tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin mọ̀ dáradára ni ẹjọ́ Comunale, èyí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀ California dá ní ọdún 1958. Ọkọ àti aya kan ń sọdá títì níbi tí a fàlà sí fún ẹlẹ́sẹ̀, ni ọkọ̀ ẹrù kan bá gbá wọn. Awakọ̀ náà ní ìdójútòfò: 10,000 dọ́là fún ẹnìkan tí ó bá fara pa, 20,000 dọ́là fún gbogbo ẹni tí ó bá fara pa nínú jàǹbá kan. Ṣùgbọ́n adójútòfò rẹ̀ wí pé ọkọ̀ ẹrù náà kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà ọ̀ràn náà kò sí nínú ìwé. Ó kọ̀ láti gbèjà rẹ̀. Awakọ̀ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba agbẹjọ́rò.

Ní ọjọ́ kejì tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya náà gbà pé bí wọ́n bá rí 4,000 dọ́là, àwọn yóò jẹ́ kí ọ̀ràn parí. Awakọ̀ náà kò ní iye owó bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí adójútòfò pé, ‘Ẹ wò ó, 4,000 dọ́là ni wọ́n ń bèèrè, bí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ju iye tí ó wà nínú ìwé lọ.’ Adójútòfò tún kọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ parí, wọ́n dá 25,000 dọ́là fún ọkọ àti 1,250 dọ́là fún aya. Awakọ̀ kò rí i san. Tọkọtaya náà kọ́kọ́ pe adójútòfò lẹ́jọ́, wọ́n sì gba iye tí ìwé náà dè mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, awakọ̀ fi ẹ̀tọ́ tí ó ní lára adójútòfò lé ọkọ náà lọ́wọ́, ọkọ sì padà lọ sí kóòtù láti gba ìyókù.

Adájọ́ àgbà Gibson ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó wí pé nínú gbogbo àdéhùn ni ìlérí kan wà tí a kò kọ sílẹ̀, pé ẹnìkíní kò ní í ba èrè tí ẹnìkejì yóò jẹ nínú àdéhùn jẹ́. Adójútòfò tí ó gbèjà oníbàárà ṣùgbọ́n tí ó fi àìṣòótọ́ kọ ìparí ìjà tí ó dára yóò san gbogbo ohun tí kóòtù bá dá. Báwo ni ẹni tí kò tilẹ̀ gbèjà rárá yóò ṣe wá sàn jù ú lọ? Ẹni tí ó ṣẹ ìlérí méjì kò gbọdọ̀ jẹ ìyà tí ó kéré sí ti ẹni tí ó ṣẹ ẹyọ kan. Nítorí náà, iye tí ó wà nínú ìwé kò dáàbò bo adójútòfò náà mọ́. Ohun tí ì bá fi 4,000 dọ́là parí gbà ju 26,000 lọ.

Ní ọdún 1966, ilé-ẹjọ́ kan náà tún gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú nínú ẹjọ́ Gray. Ọkọ̀ méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wọn. Awakọ̀ kan bọ́ sílẹ̀, ó fi ìbínú ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹnìkejì. Ẹnìkejì lù ú, ó ní ẹ̀rù ni ó bà òun. Ẹni tí wọ́n lù pè é lẹ́jọ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ lu òun. Ìwé tí olùjẹ́jọ́ ní kì í ṣe ti ọkọ̀. Ìwé ìdójútòfò ti ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìlérí ìgbèjà wà nínú rẹ̀. Adójútòfò yọ ọwọ́, ó ní ìwé náà kò bo ohun tí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Kóòtù dá 6,000 dọ́là lé olùjẹ́jọ́ lórí. Nígbà tí ó pe adójútòfò lẹ́jọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wí pé ẹni tí ó gbèjà ara rẹ̀ lè ṣèèṣì lu ènìyàn kọjá ibi tí ó yẹ, èyí kò sì jẹ́ ìmọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi. Níwọ̀n ìgbà tí irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, adójútòfò jẹ gbèsè ìgbèjà. Nítorí pé kò san gbèsè yẹn, yóò san gbogbo owó tí kóòtù dá.

Kò yẹ kí a ti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rò pé ọ̀tá ni gbogbo adójútòfò. Owó tí wọ́n fi ń sanwó, owó àwọn oníbàárà yòókù ni. Bí wọ́n bá ń san ohun tí ẹnikẹ́ni kò rà, àwọn tí ó ń san owó déédéé ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ọ̀nà wà tí adójútòfò fi lè dáàbò bo ara rẹ̀ láìfi oníbàárà sílẹ̀ fún ìyà. Èkíní ni kí ó kọ̀wé pé, ‘Mò ń gbèjà rẹ, ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀tọ́ mi pamọ́: bí ó bá hàn pé ọ̀ràn yìí kò sí nínú ìwé, n kò ní í san owó tí wọ́n bá dá.’ Èkejì ni kí ó lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀, kí adájọ́ wí ní pàtó bí ìwé náà bo ọ̀ràn náà tàbí kò bò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà èkíní ní ẹ̀gún tirẹ̀, nítorí agbẹjọ́rò tí adójútòfò ń sanwó fún lè darí ẹjọ́ sí ibi tí yóò ṣe adójútòfò ní àǹfààní. Nítorí èyí, kóòtù kan ní California wí ní ọdún 1984, nínú ẹjọ́ Cumis, pé níbi tí ire àwọn méjèèjì bá ti tako ara wọn, adójútòfò ni yóò sanwó fún agbẹjọ́rò tí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn.

Gbogbo ìpínlẹ̀ kò fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ìyà adójútòfò tí ó yọ ọwọ́ ní ọ̀nà àìtọ́. Ní Illinois, bí kò bá gbèjà pẹ̀lú ìfẹ̀tọ́pamọ́, tí kò sì lọ bèèrè ní kóòtù, kóòtù kò ní í jẹ́ kí ó fi àbùkù inú àdéhùn gba ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ tún sọ èyí ní ọdún 1999. New York rọ̀ díẹ̀ níhà kan, ó sì le níhà kejì. Láti ọdún 1985 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ ti sọ pé ẹni tí kò gbèjà ṣì lè jiyàn lórí ìsanwó. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ náà yí èyí padà ní ọdún 2013, ó tún padà sí ti àtijọ́ ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n òfin New York wí pé níbi ìpalára ara, bí adójútòfò yóò bá yọ ọwọ́ nítorí ìyàsọ́tọ̀ kan nínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá ránṣẹ́ sí oníbàárà àti sí ẹni tí ó fara pa. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ kan tí kì í ṣe ti mọ́tò, ilé-ẹjọ́ náà wí pé ọjọ́ 48 ti pẹ́ jù.

Nevada ni ó dá ẹjọ́ tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ní ọdún 2018. Ọkùnrin kan tí ó ní òwò kékeré níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí ó dán, wa ọkọ̀ rẹ̀ gbá ẹnìkan, ẹni náà sì fara pa gidigidi ní ọpọlọ. Adójútòfò òwò náà, tí ìwé rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ, wí pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí náà, ó sì yọ ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò lọ jẹ́jọ́; kóòtù sì dá ohun tí ó ju mílíọ̀nù 18 dọ́là lọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nevada wí pé bí adójútòfò bá ṣẹ ìlérí ìgbèjà, iye inú ìwé kì í ṣe òpin ohun tí ó lè san, bí kò tilẹ̀ hu ìwà àìṣòótọ́. Yóò dáhùn fún ohun tí a lè fi ojú rí pé yóò ti inú àìgbèjà jáde. Ṣùgbọ́n a kò ní í ṣàdédé di gbogbo owó náà rù ú, a ó wo ohun tí àìgbèjà náà fà ní tòótọ́.

Kí ni ẹni tí lẹ́tà ìyọwọ́ bá bá yóò ṣe? Kí ó má ṣe ju ìwé ìpẹ̀jọ́ sí apá kan pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ohun tí ó burú jù ni kí kóòtù dájọ́ nítorí pé kò yọjú. Kí ó tún fi ìwé ìpẹ̀jọ́ náà ránṣẹ́ sí adójútòfò, kí ó sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tuntun nínú ẹ̀sùn lè mú ojúṣe ìgbèjà wá níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀. Kí ó béèrè pé, ‘Ìlà wo nínú ìwé wa ni ẹ fi ń kọ̀ mí?’ Kí ó wá agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìpínlẹ̀ náà, kí ó sì tọ́jú gbogbo ìwé owó tí ó bá san, torí ó lè gbà á padà. Bí àwọn olùpẹjọ́ bá sì fẹ́ kí ọ̀ràn parí pẹ̀lú owó tí ó wà nínú àdéhùn, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí adójútòfò lójú ẹsẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ inú ẹjọ́ Comunale rán sí adójútòfò tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Nínú èdè wa, ẹni tí ó ń gbèjà ènìyàn gba ìjà ẹni náà sí ọrùn ara rẹ̀. Ìjà ni ó gbà. Kò tí ì sọ pé òun mọ bí ìjà náà yóò ti parí. Ohun tí àwọn adájọ́ California àti Nevada fi ìwé púpọ̀ ṣàlàyé nìyẹn. Ẹni tí ó gba owó lọ́dọọdún láti máa gba ìjà ẹlòmíràn jà kò lè dúró títí ìjà yóò fi parí kí ó tó mọ̀ bí òun yóò jà. Ẹ tún inú ọkọ̀ yín yẹ̀ wò, kí ẹ sì mú ìwé náà jáde. Ẹ kà á kí ọjọ́ tí ẹ óò nílò rẹ̀ tó dé.